"Kì í ṣe ní orúkọ wa": Àwọn Júù tó ń jà fún àlàáfíà Ísírẹ́lì àti Palẹstínì

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 2023, ọ̀pọ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún Júù rọ́ wọ Grand Central, ibùdókọ̀ ojú irin ńlá tó wà láàárín ìlú New York. Aṣọ dúdú ló wà lọ́rùn wọn, wọ́n sì kọ ọ́ sáyà pé "Kì í ṣe ní orúkọ wa". Ọjọ́ ìsinmi àwọn Júù ń wọlé bọ̀, nítorí náà àwọn rábì kọ́kọ́ tan àbẹ́là, wọ́n sì ka àdúrà tí wọ́n máa ń kà fún òkú. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ní àwọn ò dìde, àfi kí ìjọba Amẹ́ríkà sọ fún Ísírẹ́lì pé kó dá bọ́ǹbù dúró ní Gásà. Àwọn tí ọlọ́pàá kó nínú wọn lálẹ́ ọjọ́ náà ju 200 lọ.

Ọ̀pọ̀ wa nílẹ̀ Yorùbá ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀ máa ń yà lẹ́nu. Láti kékeré la ti ń gbọ́ orúkọ Ísírẹ́lì nínú Bíbélì. Ọdọọdún ni ìjọba ń ṣètò ìrìnàjò sí Jerúsálẹ́mù fún àwọn Kristẹni, tí wọ́n á padà délé tí wọ́n á máa fi "JP" sẹ́yìn orúkọ. Nínú agboolé kan náà, ọmọ ìyá wọn tó jẹ́ Mùsùlùmí ń tọrọ àánú Ọlọ́run fún àwọn ará Palẹstínì. Tí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀, àwọn méjèèjì kì í gbà fúnra wọn, síbẹ̀ ohun kan wà tó dà bíi pé wọ́n jọ gbà: pé gbogbo Júù ló fọwọ́ sí ohun tí ìjọba Ísírẹ́lì bá ṣe. Ibẹ̀ gan-an la ti ń ṣì í. Kí orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì tó dáyé ni àwọn Júù ti ń bá ara wọn jiyàn lórí ilẹ̀ yẹn, lórí ẹni tó ni ín àti bí àwọn méjèèjì ṣe lè jọ máa gbé e. Ẹni tí kò bá mọ̀ nípa iyàn náà, ìdajì ìtàn ló mọ̀.

Lọ́dún 1925, àwọn ọ̀mọ̀wé Júù kan ní Jerúsálẹ́mù dá ẹgbẹ́ Brit Shalom sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn kò lọ́jú pọ̀: Lárúbáwá ti ń gbé ilẹ̀ yìí, Júù sì ń padà wá sí i, kí wọ́n jọ ní ìjọba kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ní jẹ́ ọ̀gá lórí ìkejì. Martin Buber, tí gbogbo ayé mọ̀ fún ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, wà lára àwọn tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Judah Magnes, rábì láti Amẹ́ríkà tó di olórí Yunifásítì Hébérù ti Jerúsálẹ́mù, náà ń sọ ọ́, òun àti Buber sì wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ míì tó ń jẹ́ Ihud sílẹ̀ ní 1942. Wọn ò pọ̀, àwọn èèyàn wọn ò gbọ́ tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Lárúbáwá tó ṣe tán láti bá wọn jókòó kò tó nǹkan. Nígbà tó di 1948, wọ́n kéde orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì, ogun bẹ́ sílẹ̀, àwọn ará Palẹstínì tó ju 700,000 lọ sá kúrò nílé tàbí kí wọ́n lé wọn. Oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni Magnes kú.

Ogun 1967 ló yí ọ̀rọ̀ náà padà pátápátá. Ọjọ́ mẹ́fà péré ni Ísírẹ́lì fi gba Gásà, ìlà-oòrùn Jerúsálẹ́mù àti West Bank, ìyẹn ilẹ̀ tó wà ní ìwọ̀-oòrùn odò Jọ́dánì. Inú ọ̀pọ̀ Júù dùn dé góńgó. Yeshayahu Leibowitz kò bá wọn yọ̀. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni, ó sì tún jẹ́ ẹlẹ́sìn tí kì í fi òfin Tórà ṣeré. Ó kìlọ̀ pé bí Ísírẹ́lì bá ń fi ọwọ́ ológun ṣàkóso àwọn èèyàn tí kò dìbò yàn án, ṣíṣọ́ àwọn èèyàn náà lọ́sàn-án àti lóru ni yóò di iṣẹ́ ìjọba, ìwà ìjọba ọ̀hún yóò sì bàjẹ́. Wọ́n bú u gan-an. Lójú tèmi, kò sẹ́ni tó ríran jù ú lọ nígbà yẹn.

Ẹni kan tún wà tó yẹ kí àwa ará Nàìjíríà mọ̀, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn wá. Abie Nathan lorúkọ rẹ̀. Ó wa bàálù ogun fún Ísírẹ́lì ní 1948, lẹ́yìn náà ó ṣí ilé oúnjẹ sí Tel Aviv. Ní 1966, nígbà tí Ísírẹ́lì àti Íjíbítì ṣì jẹ́ ọ̀tá paraku, ó dá bàálù kékeré kan wà lọ sí Íjíbítì láti lọ bẹ̀bẹ̀ fún àlàáfíà, wọ́n sì dá a padà. Ní 1968, nígbà tí ebi ń pa àwọn ọmọdé kú nínú ogun Biafra, ó wà lára àwọn tó kó oúnjẹ lọ fún wọn. Láti 1973, ó gbé ilé iṣẹ́ rédíò kan sórí ọkọ̀ ojú omi létí òkun Ísírẹ́lì, tó ń fi orin àti ọ̀rọ̀ àlàáfíà ránṣẹ́ sí Júù àti Lárúbáwá. Nígbà tí ìjọba ṣòfin ní 1986 pé ọmọ Ísírẹ́lì kankan kò gbọdọ̀ bá àwọn aṣojú PLO, ẹgbẹ́ tó ń jà fún òmìnira Palẹstínì, pàdé, Nathan mọ̀ọ́mọ̀ lọ bá Yasser Arafat, olórí ẹgbẹ́ náà, ó sì ṣẹ̀wọ̀n nítorí rẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni ìjọba fúnra rẹ̀ wọ́gi lé òfin yẹn, tó bá PLO jókòó, tó sì tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn àlàáfíà Oslo ní oṣù kẹsàn-án 1993. Nathan gbà pé iṣẹ́ ti parí. Kí ọdún yẹn tó tán, ó ri ọkọ̀ náà sínú òkun.

Ẹgbẹ́ tó lérò jù nínú gbogbo wọn ni Peace Now. Lẹ́tà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1978: 348 àwọn ọ̀gá ológun àti ọmọ ogun tí ìjọba máa ń pè padà nígbà ogun kọ̀wé sí Olórí Ìjọba Menachem Begin pé kó má ṣe fi ilẹ̀ tí wọ́n gbà ṣáájú àlàáfíà. Ológun ni wọ́n, torí náà kò rọrùn láti pè wọ́n ní ojo. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun abẹ́lé Lẹ́bánónì pa àwọn asásàálà Palẹstínì ní ìpakúpa ní Sabra àti Shatila ní 1982, tí ọmọ ogun Ísírẹ́lì sì yí àgọ́ náà ká, ìwọ́de tó tẹ̀lé e ní Tel Aviv pọ̀ débi pé iye tí wọ́n ń pè é di òní ni 400,000. Ní oṣù kejì 1983, ọmọ Ísírẹ́lì kan ju bọ́ǹbù ọwọ́ sáàárín ìwọ́de ẹgbẹ́ náà ní Jerúsálẹ́mù, ó sì pa Emil Grunzweig. Ọdún méjìlá lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá 1995, Júù míì yìnbọn pa Olórí Ìjọba Yitzhak Rabin bó ṣe ń kúrò níbi àpéjọ àlàáfíà.

Àwọn obìnrin kò sì dúró de ẹgbẹ́ ńlá. Oṣù kìíní 1988, kété lẹ́yìn tí àwọn ará Palẹstínì bẹ̀rẹ̀ intifada àkọ́kọ́, ìyẹn ìdìde wọn lòdì sí àkóso Ísírẹ́lì, ni àwọn obìnrin díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró ní oríta kan ní Jerúsálẹ́mù ní ọ̀sán gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n á wọ aṣọ dúdú, wọ́n á gbé páálí tó ní kí wọ́n fi ilẹ̀ onílẹ̀ sílẹ̀ dání, wọn ò ní sọ̀rọ̀. Èébú tí wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Síbẹ̀ àwọn obìnrin ní àwọn orílẹ̀-èdè míì kọ́ àṣà náà lọ́wọ́ wọn, tí orúkọ Women in Black fi kárí ayé.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ tí ìrètí àwọn ọdún wọ̀nyẹn fi wọlẹ̀? Ohun tó fà á ju ẹyọ kan lọ. Lábẹ́ àdéhùn Oslo náà, ilé àwọn atẹ̀dó, ìyẹn àwọn Júù tó ń kọ́lé sórí ilẹ̀ tí Ísírẹ́lì gbà, ń pọ̀ sí i ni ní West Bank. Hamas, ẹgbẹ́ ajìjàgbara Mùsùlùmí ti Palẹstínì tó ń gbé ìbọn, ń fi bọ́ǹbù pa èèyàn nínú bọ́ọ̀sì. Nígbà tí intifada kejì bẹ̀rẹ̀ ní 2000, ó pa ọmọ Ísírẹ́lì tó lé ní 1,000, àwọn ará Palẹstínì tó kú sì jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ọ̀pọ̀ Júù tó ti ń dìbò fún àlàáfíà sọ pé àwọn ò rẹ́ni bá ṣàdéhùn mọ́. Ẹ wo ilé aṣòfin wọn: ní 1992, nínú àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà, Labor ní ìjókòó 44, Meretz ní 12, nínú 120. Ní 2022, Labor ní 4, Meretz kò ní ẹyọ kan. Kódà nígbà tí ogunlọ́gọ̀ ń wọ́de lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní 2023 lórí bí ìjọba ṣe fẹ́ gba agbára lọ́wọ́ ilé ẹjọ́, àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ Palẹstínì dání kàn wà ní igun kan nínú èrò náà ni. Àwọn yòókù ń bẹ̀rù pé wọ́n á bá ìwọ́de jẹ́.

Àwọn tí mo bọ̀wọ̀ fún jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Yitzhak Frankenthal, ẹlẹ́sìn Júù tí Hamas jí ọmọ rẹ̀ gbé tí wọ́n sì pa á ní 1994, ló dá ẹgbẹ́ Parents Circle sílẹ̀ ní 1995. Àwọn tí ogun yìí pa ọmọ, òbí, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n wọn nìkan ló lè wọ̀ ọ́, Júù àti ará Palẹstínì pọ̀. Ẹbí tó wà níbẹ̀ báyìí ju 700 lọ. Rami Elhanan wà níbẹ̀: bọ́ǹbù pa Smadar ọmọ rẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù ní 1997. Bassam Aramin wà níbẹ̀: ọta rọ́bà tí ọlọ́pàá ibodè Ísírẹ́lì yìn ló pa Abir, ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́wàá, nítòsí ilé ẹ̀kọ́ ní 2007. Àwọn méjèèjì ń bá ara wọn rìn káàkiri bí ọmọ ìyá, wọ́n ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sáwọn ọmọ wọn fún àwọn ọ̀dọ́ tó kù díẹ̀ kí wọ́n wọṣẹ́ ológun. Ìjọba Ísírẹ́lì ti gbìyànjú láti má jẹ́ kí wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ mọ́. Ó yẹ ká bi ara wa pé kí ló lè ba ìjọba lẹ́rù lára bàbá méjì tó ń ṣọ̀fọ̀.

Ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá 2023 dán gbogbo wọn wò. Hamas àtàwọn tó tẹ̀lé wọn wọ gúúsù Ísírẹ́lì, wọ́n pa nǹkan bí 1,200 èèyàn, wọ́n sì kó 251 nígbèkùn lọ sí Gásà. Àwọn abúlé tí wọ́n yà wọ̀ wà lára ibi tí àwọn ajàfún-àlàáfíà pọ̀ sí. Vivian Silver, ẹni ọdún 74 tí wọ́n bí ní Kánádà, ń gbé ní Be'eri. Ó wà lára àwọn tó dá Women Wage Peace sílẹ̀ lẹ́yìn ogun Gásà ti 2014, ó sì máa ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé àwọn aláìsàn Gásà láti ibodè lọ sí ọsibítù ní Ísírẹ́lì. Ọjọ́ mẹ́ta péré ṣáájú, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Palẹstínì tó ń jẹ́ Women of the Sun jọ wọ́de. Wọ́n pa á nínú ilé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi rò pé ó wà nígbèkùn kí wọ́n tó dá àjókù ara rẹ̀ mọ̀. Yonatan Zeigen, ọmọ rẹ̀, ti gba iṣẹ́ àlàáfíà náà ṣe látìgbà yẹn. Maoz Inon, tí wọ́n pa bàbá àti ìyá rẹ̀ ní Netiv HaAsara lọ́jọ́ kan náà, sọ fún gbogbo ayé pé òun ò fẹ́ ẹ̀san. Òun àti Aziz Abu Sarah, ará Palẹstínì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú lẹ́yìn tó kúrò lẹ́wọ̀n Ísírẹ́lì, jọ dúró níwájú Póòpù Francis ní Verona ní oṣù karùn-ún 2024.

Ogun tí ìjọba Ísírẹ́lì fi dáhùn ti pa ju 60,000 èèyàn lọ ní Gásà, gẹ́gẹ́ bí iléeṣẹ́ ìlera ibẹ̀ ṣe sọ. Ní àkókò tí ẹ̀rù ń bani láti la ẹnu ní Ísírẹ́lì yìí ni Standing Together, ẹgbẹ́ tí Júù àti Lárúbáwá ọmọ Ísírẹ́lì jọ dá sílẹ̀ ní 2015, jáde sí ojú títì. Ní 2024, àwọn alákatakítí ń dá ọkọ̀ oúnjẹ tó ń lọ sí Gásà dúró ní ibodè Tarqumiya, wọ́n ń da ìyẹ̀fun sílẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yìí lọ dúró síbẹ̀, wọ́n ń ṣọ́ àwọn ọkọ̀ náà kọjá. Àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ sì wà tó yan ẹ̀wọ̀n dípò iṣẹ́ ológun. Tal Mitnick, ọmọ ọdún 18, ló kọ́kọ́ lọ lẹ́yìn tí ogun yìí bẹ̀rẹ̀, ní oṣù kejìlá 2023. Ní oṣù keje 2025, B'Tselem, ẹgbẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì dá sílẹ̀ ní 1989, àti ẹgbẹ́ àwọn dókítà Ísírẹ́lì kan kéde pé ìparun ẹ̀yà ni ìjọba àwọn ń ṣe ní Gásà. Ìjọba ní irọ́ ni. Ó gba ọkàn akin kí èèyàn tó sọ bẹ́ẹ̀ nípa ilé ara rẹ̀.

Ní gúúsù Hebron, ní West Bank, iṣẹ́ mìíràn ń lọ tí ìròyìn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé. Ní Masafer Yatta, ilé ẹjọ́ gíga Ísírẹ́lì fọwọ́ sí i ní 2022 pé kí ológun lé àwọn ará abúlé tó ju 1,000 lọ kúrò, torí ó fẹ́ fi ilẹ̀ wọn ṣe ibi ìdánrawò. Àwọn Júù láti Ísírẹ́lì, Amẹ́ríkà àti Britain ń lọ sùn sínú àwọn abúlé bẹ́ẹ̀. Tí àwọn atẹ̀dó bá dé, wọ́n á gbé fóònù jáde, wọ́n á máa ká a sílẹ̀, wọ́n á pe lọ́yà. Ìdí rẹ̀ ni pé òfin méjì ló wà lórí òkè kan náà: ilé ẹjọ́ ìlú ni wọ́n ń gbé atẹ̀dó lọ, ilé ẹjọ́ ológun ni wọ́n ń gbé ará Palẹstínì lọ. Ojú Júù àti kámẹ́rà rẹ̀ lè mú kí ọmọ ogun rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe ìgbà gbogbo. Awdah Hathaleen, olùkọ́ ní Umm al-Khair, jẹ́ ọ̀rẹ́ àti olùgbàlejò irú àwọn Júù bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2025, ìjọ sínágọ́gù kan ní California pè é wá sọ̀rọ̀, wọ́n dá a padà ní pápákọ̀ òfuurufú San Francisco. Ọjọ́ 28 oṣù tó tẹ̀lé e ni ìbọn pa á ní abúlé rẹ̀, nígbà tí àwọn atẹ̀dó kó katakata wọbẹ̀. Rábì àti ọmọ ìjọ tó ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kò lóǹkà.

Ní ti Amẹ́ríkà, owó ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ wúwo. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní 2016 ní kí Amẹ́ríkà máa fún Ísírẹ́lì ní owó ológun bílíọ̀nù 3.8 dọ́là lọ́dọọdún, láti 2019 sí 2028. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ lòdì sí i láàárín àwọn Júù tẹ́lẹ̀, wọ́n á pa á lẹ́nu mọ́: ẹgbẹ́ Breira tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1973 kò lò ju ọdún mẹ́rin lọ kí ìtakò tó pa á. Jewish Voice for Peace bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá San Francisco ní 1996, J Street dé ní 2008, IfNotNow ní 2014. Ní London, àwọn ọ̀dọ́ Júù pé jọ síwájú ilé aṣòfin ní 2018, wọ́n ka àdúrà òkú fún àwọn tí wọ́n pa ní ibodè Gásà. Àwọn Júù míì fi èébú bò wọ́n, àmọ́ ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Na'amod ti jáde.

Ká má parọ́, àwọn ẹgbẹ́ yìí kì í sọ̀rọ̀ kan náà. J Street fẹ́ kí Ísírẹ́lì wà bí ilé àwọn Júù, kí orílẹ̀-èdè Palẹstínì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Jewish Voice for Peace kọ Síónísìmù, ìyẹn èrò pé kí àwọn Júù ní orílẹ̀-èdè tiwọn ní ilẹ̀ yẹn, sílẹ̀ gbangba ní 2019, ó ní ẹ̀tọ́ kan náà fún gbogbo ẹni tó ń gbébẹ̀ ni òun ń fẹ́, ó sì fara mọ́ kí ayé má bá Ísírẹ́lì ra, má bá a tà. Àwọn kan nínú àwọn ará Palẹstínì pẹ̀lú kò fẹ́ irú ìbárẹ́ tí Standing Together ń ṣe. Ní oṣù kìíní 2024, àwọn ará Palẹstínì tó ń darí ìpè pé kí ayé má bá Ísírẹ́lì ra, má bá a tà yẹn ní kí ènìyàn má bá ẹgbẹ́ ọ̀hún ṣe, torí wọ́n rí i pé ó ń fi àlàáfíà ẹnu bo ìnilára mọ́lẹ̀. Láti apá kejì, ọ̀pọ̀ ajàfún-àlàáfíà ní Ísírẹ́lì kò tíì dárí ji àwọn Júù ilẹ̀ òkèèrè tí ọ̀rọ̀ wọn ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá kọ́kọ́ lọ sórí ẹ̀bi ìjọba, nígbà tí òkú ṣì wà nílẹ̀. Mo gbà pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ẹni tó ń gbé ní New York lè sọ òtítọ́ pọ́ńbélé kó sì sùn. Ẹni tó wà ní Haifa, ní Ísírẹ́lì, gbọ́dọ̀ bá aládùúgbò rẹ̀ tó pàdánù ọmọ sọ̀rọ̀ lọ́la.

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn Júù yòókù náà kì í ṣe irọ́. Wọ́n kọlu sínágọ́gù ní Manchester ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá 2025, ọjọ́ tó mọ́ jù lọ nínú ọdún wọn, ẹ̀mí sì lọ sí i. Èyí ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ máa pe àwọn ajàfún-àlàáfíà ní ọ̀dàlẹ̀. Ìdáhùn wọn wá láti inú ìwé mímọ́ tí àwọn méjèèjì jọ ń kà: Tórà tún un sọ lemọ́lemọ́ pé kí wọ́n má ṣe ni àlejò lára, torí àwọn náà ti ṣe àlejò nílẹ̀ Íjíbítì. Wọ́n ní ọmọ Júù kankan kò lè sùn àsùndọ́kàn níbi tí ọmọ aládùúgbò rẹ̀ kò ti lè sùn.

Iye àwọn tó ń gbọ́ wọn ń yí padà. Nínú ìwádìí èrò tí ìwé ìròyìn Washington Post gbé jáde ní oṣù kẹwàá 2025, ó ju ìdajì àwọn Júù Amẹ́ríkà lọ tó sọ pé Ísírẹ́lì hu ìwà ọ̀daràn ogun ní Gásà, bí mẹ́rin nínú mẹ́wàá sì pè é ní ìparun ẹ̀yà. Ogun dáwọ́ dúró lórí ìwé ní oṣù kan náà, àmọ́ àsìkò kíkórè ólífì ni, ìkọlù àwọn atẹ̀dó sì pọ̀ ní West Bank, débi pé àwọn Júù tó bá àwọn àgbẹ̀ Palẹstínì lọ sóko ń jẹ nínú igi àti òkò náà. Ní Washington, Bernie Sanders, sẹ́nétọ̀ tó jẹ́ Júù, ti ń gbé àbá síwájú ilé pé kí wọ́n dá títa ohun ìjà kan fún Ísírẹ́lì dúró. Nígbà tó gbé e wá ní oṣù kọkànlá 2024, àwọn tó tì í lẹ́yìn kò tó 20 nínú 100. Ní oṣù keje 2025, wọ́n di 27, èyí tó ju ìdajì àwọn sẹ́nétọ̀ ẹgbẹ́ Democrat lọ. Àbá náà kò yege, àwọn Júù tó ń jókòó sílẹ̀ ní ọ́fíìsì àwọn aṣòfin sì ti ń ka orúkọ àwọn tó kù.